Fídíò ilé-iṣẹ́: kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi ń gan lẹ́nu ẹni tí a bá gbé ka iwájú kámẹ́rà?

Aláwòrán_Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ fídíò ilé-iṣẹ́ ni mo gbé wá, irú èyí tí ọ̀gá tàbí òṣìṣẹ́ kan ń jókòó síwájú kámẹ́rà tí a ń bi í léèrè, tí a ó wá gé gbogbo rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Ohùn oníbèéèrè kì í jáde rárá, ìdáhùn nìkan làwọn èèyàn ń gbọ́. Àwòrán ń mọ́, ohùn ń dún, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò wọni lára. Ẹni tó ń ṣàwàdà nígbà tí à ń to iná, bó bá ti rí i pé kámẹ́rà ti ń ká a, á gan, á máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó há ìwé sórí. Ẹlòmíì á ní "bẹ́ẹ̀ ni", á dákẹ́. Tá a bá wá jókòó láti gé e, ìdáhùn kan ò lórí, òmíì ò nídìí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an la ti ń ṣàṣìṣe? Ẹ má fo ohunkóhun, látorí ìbéèrè dórí àga.

Béèrè_Dáadáa:

Ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń gan yẹn, kì í ṣe iwájú kámẹ́rà ló ti bẹ̀rẹ̀, inú lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni. Bí ẹ bá fi ìbéèrè 10 ránṣẹ́ ní kíkún, ẹni yẹn á jókòó, á kọ ìdáhùn sílẹ̀, á fi han ẹnì kan tàbí méjì, wọ́n á bá a tún un ṣe. Lọ́jọ́ iṣẹ́, kò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó kọ sínú ìwé ni yóò máa wá kiri. Ojú rẹ̀ á máa lọ sókè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí àjà. Kókó ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ fi ránṣẹ́: "A ó sọ̀rọ̀ nípa bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tó nira jù, àti ohun tó ti yí padà." Ó parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ pè é lórí fóònù ní bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó. Ẹ fi ìpè yìí wá ibi tí ìtàn wà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ń yá, ẹ ní: "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ìyókù di ọjọ́ yẹn." Ìtàn tí èèyàn bá ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan kì í dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, á sì máa ki "bí mo ṣe sọ fún yín lọ́jọ́sí" bọ àárín rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè fúnra rẹ̀, ẹ ti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ẹ kọ́kọ́ kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tí fídíò náà ò gbọdọ̀ ṣaláìní, kí ẹ wá bi ara yín pé ìbéèrè wo ló lè mú kí èèyàn sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Ìbéèrè 8 sí 10 ti pọ̀ tó. "Ṣé ètò tuntun yìí ti mú iṣẹ́ rọrùn?" kò lè bí ohun tó ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ, ẹ̀yin lẹ ti dáhùn fún un. Ẹ sọ pé: "Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣe máa ń lọ kí ètò yìí tó dé." Kó sọ ìyẹn tán ná, kí ẹ tó béèrè ti ìsinsìnyí. Ẹ má so ìbéèrè méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n máa ń rántí dáhùn.

Ti ìdáhùn tí kò lórí: ẹni náà ò mọ̀ pé a ó yọ ohùn yín kúrò ni. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan tí kò ṣe pàtàkì dán an wò. "Báwo lẹ ṣe débí láàárọ̀ yìí?" Á ní: "Ọkọ̀." Ẹ ní: "Ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè mi ńkọ́, ṣé yóò yé e?" Á rẹ́rìn-ín, á ní: "Ọkọ̀ ni mo wọ̀ wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí." Ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bó bá gbàgbé láàárín, ẹ má máa rán an létí ṣáá, torí lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀. Ẹ bá a gbé ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà sílẹ̀ ni: "Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ báyìí, 'Ohun tó nira jù fún wa ni...'", kó máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Olótùú_Òru:

Ẹ ṣé, Béèrè_Dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí etí olótùú ń wá, torí ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Ẹnu oníbèéèrè ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀. "Hẹ̀n", "ẹ̀hẹ́n", "òótọ́ ni" tí a fi ń dá èèyàn lóhùn, ìwà ọmọlúàbí ni níbòmíì. Níbí, orí ọ̀rọ̀ olùdáhùn ló ń bọ́ sí, a ò sì lè yọ ọ́ kúrò. Orí ni kí ẹ máa mì, ojú ni kí ẹ máa fi rẹ́rìn-ín. Bó bá parí, ẹ dúró fún bíi sẹ́kọ́ǹdì 2 kí ẹ tó lanu, kí n lè rí àyè gé e.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ń tilẹ̀kùn mọ́ wa. "Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan." "Ìdí kejì ni pé", nígbà tí ìdí kìíní wà níbi tí a ó gé dànù. "Àwọn yẹn", láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní "ohun mẹ́ta ló mú wa yàtọ̀", ẹ bá a kà á lọ́kàn. Orí ìkejì ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí. "Lọ́dún tó kọjá" náà: fídíò ilé-iṣẹ́ lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, "ọdún tó kọjá" á sì di irọ́ bí oṣù kìíní tó ń bọ̀ bá ti dé. Kó dárúkọ ọdún náà. Iye tó bá sì dá, ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kó tó dìde lórí àga.

Ibi tí ohùn ti wálẹ̀ ni mo ti lè gé. Bí èèyàn bá sọ ohun iyebíye tán, tó wá fi "àti pé..." so ó mọ́ nǹkan míì, ohùn rẹ̀ ṣì wà lókè, bí mo bá gé e níbẹ̀, á dà bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Oníbèéèrè tó bá fetí sí i á mọ̀, á ní kó tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sọ, kó sì dúró síbẹ̀.

Fún fídíò ìṣẹ́jú 2, ẹ bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 30 sí 40. Bó bá ti tó wákàtí kan, ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ á sì sọ bẹ́ẹ̀.

Agbóhùn_48:

Ẹ̀yin tó ń sọ ti ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.

Kí ẹ tó gbé àga kalẹ̀, kí gbogbo yín dúró nínú yàrá náà láìsọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ amúlétutù, fíríìjì yàrá kejì, aago ara ògiri, iná gígùn tó ń kùn lókè àjà: etí wa ti mọ́ wọn lára débi pé kì í gbọ́ wọn mọ́, àmọ́ máìkì ń gbọ́. Ẹ pa èyí tó ṣeé pa. Tí ẹ bá pa fíríìjì, ẹ ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín sínú rẹ̀. Ẹ ò ní lè lọ láìrántí tàn án padà. Fóònù, ẹ pa á pátá, kì í ṣe kí ẹ kàn pa ohùn rẹ̀, torí máìkì ń gbọ́ ọ bó bá ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dún padà láti ara ògiri, ẹ ta aṣọ ìbora nínípọn méjì tàbí mẹ́ta síbi tí kámẹ́rà ò rí, kí ẹ sì tẹ́ nǹkan sílẹ̀. Yàrá ìpàdé onídígí tí wọ́n sábà máa ń fún wa torí pé ó lẹ́wà ló burú jù fún ohùn. Yàrá kékeré tí ìwé àti àga onítìmùtìmù kún inú rẹ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì.

Máìkì kékeré tí a ń fi mọ́ aṣọ, egungun àyà ni ibùjókòó rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí àgbọ̀n. Ẹ yọ káàdì ìdánimọ̀ ọrùn, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kan ara wọn. Ẹ ká wáyà rẹ̀ róbótó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi téèpù mú un mọ́ inú aṣọ, kí fífà wáyà má baà dé ara máìkì. Aṣọ dídán bíi sílíìkì máa ń ha, ẹ fi téèpù mú aṣọ tó wà lọ́tùn-ún àti lósì máìkì kó má lè rìn lára rẹ̀. Bí ẹ bá lè gbé e sún díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí oníbèéèrè jókòó sí ni kó wà, torí ibẹ̀ ni olùdáhùn ń yíjú sí.

Máìkì gígùn tí a gbé kọ́ sókè orí ni alátìlẹ́yìn rẹ̀. Kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 sí ẹnu, díẹ̀ síwájú ojú, kó kọjú sí ẹnu, kó sì kàn bọ́ sí òkè ibi tí àwòrán parí sí. Ẹ gba ohùn méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní 48 kHz, 24-bit, ìyẹn ìwọ̀n ìgbohùnsílẹ̀ tí ẹ ó yàn lórí ẹ̀rọ. Kí ohùn tó ga jù máa kan nǹkan bíi −12 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó), kó má sún mọ́ òdo tí ohùn ti ń fọ́, torí bí èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín lójijì tí ohùn náà fọ́, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Bí ẹ̀rọ yín bá lè gba ẹ̀dà kejì tó fi 10 dB lọ sílẹ̀, ẹ tan án.

Ẹ má ní kó ka ení, èjì, ẹ̀ta láti fi dán ohùn wò. Ohùn tí a fi ń kà yàtọ̀ sí ohùn tí a fi ń ròyìn. Ẹ bi í nípa nǹkan tó fẹ́ràn, kí ẹ fi ìyẹn wọn ohùn rẹ̀.

Kí ẹnì kan sì wọ headphone láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmì tó ń fò lójú ẹ̀rọ ò mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí aṣọ tó ń ha. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà fún sẹ́kọ́ǹdì 30 sí 60, gbogbo èèyàn lórí àga wọn. Ìdákẹ́jẹ́ yàrá kan ò jọ ti òmíràn, òun sì ni olótùú fi ń dí ibi tó bá gé.

Iná_Mẹ́ta:

Àga ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí Aláwòrán_Tuntun dárúkọ rẹ̀. Àga tó ń yí, tó ní táyà lẹ́sẹ̀, tàbí tó ń ri èèyàn mọ́lẹ̀, ẹ gbé e kúrò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ á máa yí sọ́tùn-ún sósì láìmọ̀, ìgbà tí ẹ bá ń wo fídíò lẹ́yìn lẹ ó tó rí i. Àga líle tí kò lápá ló dáa, kó jókòó síwájú rẹ̀ díẹ̀, kó fa ìdí kóòtù sábẹ́ ara rẹ̀ kí èjìká aṣọ má baà ga dé etí. Kó jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn ní mítà 1.5 sí 2, ó kéré tán. Bó bá sún mọ́ ọn, òjìji rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ògiri bíi ti fọ́tò ìwé ìrìnnà.

Kí ojú kámẹ́rà bá ojú olùdáhùn dọ́gba. Kí oníbèéèrè jókòó, kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan lẹ́ǹsì. Bó bá jìnnà sí lẹ́ǹsì ní mítà kan, etí olùdáhùn la ó máa wò. Bó bá dúró, olùdáhùn á máa wòkè bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí. Tí èèyàn bá pọ̀ nínú fídíò náà, kí ẹnì kan wo òsì, kí ẹni tó tẹ̀ lé e wo ọ̀tún.

Lẹ́ǹsì 50 sí 85 mm lórí kámẹ́rà full-frame, èyí tí ojú ìgbàwòrán inú rẹ̀ tóbi. Bí ẹ bá fi lẹ́ǹsì tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ojú, imú á wú. Ẹ lo f/2.8 sí f/4 (ìwọ̀n bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó; bí nọ́mbà bá ṣe kéré ni ihò ṣe ń tóbi). Mo mọ̀ pé f/1.4 ń mú ẹ̀yìn rọ̀ bí òwú, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn, olùdáhùn á fi ara síwájú, ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tó dára jù ti ń jáde. 25 fps (àwòrán 25 ní sẹ́kọ́ǹdì kan), 1/50 (ìdá sẹ́kọ́ǹdì tí kámẹ́rà fi ń gba àwòrán kọ̀ọ̀kan). Níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 50 Hz, 1/50 tàbí 1/100 ni kì í jẹ́ kí iná máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Níbi tó bá jẹ́ 60 Hz, 1/60 tàbí 1/120.

Iná àkọ́kọ́ ni iná ńlá tí a fi aṣọ funfun bò, dígírì 45, ní ẹ̀gbẹ́ tí oníbèéèrè wà, kó ga ju ojú lọ díẹ̀. Báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣú díẹ̀ ni kámẹ́rà ń wò, ojú á sì ní ìrísí. Fún ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú dáadáa, ẹ má kàn ṣí ihò lẹ́ǹsì sí i, ògiri ẹ̀yìn ni yóò funfun jù. Ẹ mú iná náà sún mọ́ ọn, kí ojú iná náà tóbi sí i. Dídán ara ẹni náà ni yóò gbé ojú rẹ̀ yọ. Kí ẹ sì dín iná tó ń kan ògiri kù.

Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó 5600 K (ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), gílóòbù olómi ọsàn tó 3200 K. Ẹ yan ọ̀kan. Bí méjèèjì bá pàdé lójú èèyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á di búlúù, èkejì á pọ́n. Fèrèsé tún ní àléébù míì: oòrùn ń rìn. Ìdáhùn ìṣẹ́jú 3 àti ti ìṣẹ́jú 38 ò ní jọra bí ẹ bá lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ẹ ta kọ́tìnnì.

Bí iná bá ń hàn nínú awò ojú, ẹ gbé iná sókè sí i, tàbí kí ẹ gbé apá awò kúrò lórí etí díẹ̀ kí dígí rẹ̀ máa wolẹ̀. Aṣọ onílà tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà rẹ̀ máa ń dà bíi pé ó ń gbọ̀n nínú fídíò. Kí wọ́n mú aṣọ kejì dání.

Fèrèsé_Òsì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé ó burú kí olùdáhùn máa wo inú lẹ́ǹsì tààrà? Wọ́n ní ó máa ń jọ pé ó ń bá ẹni tó ń wò ó sọ̀rọ̀. Teleprompter, dígí iwájú lẹ́ǹsì tí ọ̀rọ̀ kíkà ń hàn lórí rẹ̀, òun náà ńkọ́?

Béèrè_Dáadáa:

Kò burú, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ń kéde nǹkan tàbí tó ń tọrọ àforíjì, inú lẹ́ǹsì ni kó wò. Ẹni tó ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, ojú èèyàn ni kó wò, torí dígí kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì mi orí. Errol Morris, aṣefíìmù ọmọ Amẹ́ríkà, so méjèèjì pọ̀: ó lo teleprompter méjì, tí ojú oníbèéèrè fi ń hàn lórí dígí tó wà níwájú lẹ́ǹsì olùdáhùn, ojú olùdáhùn sì ń hàn sí òun náà. Interrotron ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní teleprompter kan lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀: ẹ kọjú kámẹ́rà kékeré kan sí oníbèéèrè, kí àwòrán rẹ̀ jáde lórí dígí náà. Ẹ yí àwòrán náà sódì kó tó jáde, torí dígí á tún un yí.

Ní ti kíkàwé lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òfin ní kò gbọdọ̀ yẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Kó jìnnà tó mítà 2.5 sí 3, kí ìlà ọ̀rọ̀ sì kúrú, kí ẹyinjú má baà máa sáré láti òsì sí ọ̀tún.

Alákòóso_Ìròyìn:

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ mo ta ko ohun kan tí Béèrè_Dáadáa sọ. Nílé-iṣẹ́ ńlá, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ rí ìbéèrè. Kókó ọ̀rọ̀ mẹ́ta ò ní kọjá lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ ò bá fi ránṣẹ́, wọ́n á ní kí ẹnì kan wá jókòó ti kámẹ́rà, kó máa dá ọ̀rọ̀ dúró, ìyẹn sì burú ju ìwé lọ.

Àwọn tó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà náà tún wà. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá wà nínú yàrá, ọ̀gá yẹn ni yóò máa dáhùn fún, bó ti wù kí ìbéèrè dára tó. Ẹ bẹ ọ̀gá kó bọ́ síta. Oníbèéèrè, oníkámẹ́rà, ẹni tó ń gbọ́ ohùn: mẹ́ta ti tó. Ẹni tí ó bá di dandan kó wà níbẹ̀, ẹ̀yìn oníbèéèrè gan-an ni kó jókòó sí, kí olùdáhùn má baà ní ibi méjì tí yóò máa wò.

Ọ̀gá àgbà á fún yín ní ìṣẹ́jú 20, ẹ fi 15 sọ́kàn. Kí ohun gbogbo ti tò tán kí wọ́n tó wọlé: ẹ fi ẹni tó bá wọn ga dọ́gba, tí àwọ̀ wọn sì jọra, jókòó sórí àga náà láti fi to iná. Kí ìbéèrè tó ṣe kókó jù jẹ́ ìkejì tàbí ìkẹta. Tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ dẹ̀yìn, ẹnì kan á ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn èèyàn ń dúró. Kí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kí wọ́n tó jókòó. Kí wọ́n sì sọ orúkọ àti ipò wọn sínú kámẹ́rà, kí wọ́n pe lẹ́tà orúkọ náà níkọ̀ọ̀kan, kí àkọlé má baà ṣì wọ́n kọ.

Béèrè_Dáadáa:

Mo gbà fún yín lórí ti agbẹjọ́rò. Ìbéèrè kíkún lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, kókó ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bó bá sì di dandan kó rí ìbéèrè, ìwé ò gbọdọ̀ bá a dórí àga. Ìwé orí itan ń fa ojú mọ́lẹ̀.

Wàyí o, ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bà lé, tó sì jẹ́ pé òun ni mo kà sí ju lẹ́ǹsì lọ: ìdákẹ́jẹ́. Bó bá dáhùn tán, ẹ ka ení dé àrún nínú yín, kí ẹ máa wò ó lójú bí ẹni tó ṣì ń gbọ́. Ohun tó ti pèsè sílẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ. Nígbà tó bá rí i pé etí yín ṣì ṣí, á fi nǹkan kún un, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á bọ́ sí ọ̀rọ̀ tó ń sọ nílé. Èyí tó fi kún un yẹn ni ẹ ó lò. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ fi ń wo ìwé yín kì í ṣe irú rẹ̀. Ìyẹn ń sọ fún un pé ó ti tán. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ìbéèrè yín sórí.

Ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọ́n fi ń polówó, ẹ má bá a jà. Ẹ béèrè ohun tó ṣeé fojú rí lábẹ́ rẹ̀. Báyìí ló ṣe lè lọ:

— Ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí à ń ṣe.

— Tí oníbàárà bá pè pé ọjà tó gbà ti fọ́, ta ló ń gbé ìpè yẹn?

— Èmi ni.

Oníbèéèrè dákẹ́, ó ń wò ó.

— Mo máa ń jẹ́ kó bínú tán ná. Mi ò kì í béèrè nọ́mbà ọjà lákọ̀ọ́kọ́. Mo máa ń bi í pé ṣé òní ló nílò rẹ̀, torí bó bá jẹ́ òní, òmíràn ń jáde lọ, ìwé á tẹ̀ lé e.

— Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi "Tí oníbàárà bá pè" bẹ̀rẹ̀ ẹ.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, ilé-iṣẹ́ wo ni kò lè sọ ọ́? Èyí tó sọ kẹ́yìn, ti ẹni yìí nìkan ni.

Bó bá kọsẹ̀ lẹ́nu, ẹ má ní "kò dáa, ẹ tún un sọ". Ẹ jẹ́ kó parí, kí ẹ bi í ní ohun kan náà lọ́nà míì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Àlàyé lẹ́ẹ̀kejì máa ń kúrú, ó sì máa ń mọ́. Àlàyé ni mo sọ o. Ìtàn ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ ní sí i.

Ẹ pa iná pupa iwájú kámẹ́rà, ẹ má pariwo "ó yá". Kí kámẹ́rà ti máa ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń fi máìkì sí i láyà, kó sì ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní "ẹ ṣeun". Kó tó dìde, ẹ bi í pé: "Kí ló yẹ kí n bi yín tí mi ò bi yín?"

Alákòóso_Ìròyìn:

Kó má jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ o. Ẹ sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀: "Kámẹ́rà á ti máa ṣiṣẹ́ láti ìsinsìnyí títí a ó fi yọ máìkì." Ẹni tó bá gbọ́ nínú fídíò ohun tó rò pé kò sẹ́ni tó ń gbà sílẹ̀ kò ní jókòó fún yín mọ́, á sì sọ fún àwọn yòókù.

Béèrè_Dáadáa:

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ ṣeun.

Aláwòrán_Tuntun:

Ọlọ́run á túbọ̀ lani lóye. Ohun kan ṣì kù: kámẹ́rà máa ń dá dúró fúnra rẹ̀ bó bá kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 30. Bátìrì kún, àyè wà nínú káàdì. Kámẹ́rà kan ṣoṣo la sì ní, ṣé a lè dọ́gbọ́n sí ti kejì?

Iná_Mẹ́ta:

Kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fọ́tò ni wọ́n ṣe kó máa dúró ní ìṣẹ́jú 29 àti sẹ́kọ́ǹdì 59, torí nígbà kan rí, owó ibodè ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ga fún kámẹ́rà tó bá lè gba fídíò tó ìṣẹ́jú 30. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun ò ní ìdíwọ́ yìí mọ́. Ní ti èyí tí ẹ ní, ẹ dá a dúró fúnra yín láàárín ìbéèrè méjì ní bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì tún un tàn. Bí ó bá jẹ́ kí ìṣẹ́jú 20 tó pé ló ń kú, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ooru 4K (fídíò tí àwòrán rẹ̀ tóbi púpọ̀) ni: ẹ ṣí ojú ìwòran rẹ̀ tó ń ká pọ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ sì gbé e kúrò níbi tí iná ti ń kàn án.

Ti kámẹ́rà kejì: ẹ gbà á ní 4K, 3840×2160, kí ẹ gé e ní 1920×1080. Olótùú á lè sún mọ́ ojú ní ìlọ́po méjì láìjẹ́ kí àwòrán fọ́, á sì dà bí àwòrán míì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí kámẹ́rà kejì gan-an, kó yà ní dígírì 30 ó kéré tán, kí ìtóbi àwòrán rẹ̀ yàtọ̀, ẹ má sì gbé e sọdá sí ẹ̀yìn ìlà tó so ojú oníbèéèrè mọ́ ti olùdáhùn, torí olùdáhùn á wá dà bí ẹni tó yíjú sí ibòmíì. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú méjèèjì kí olótùú lè fi so wọ́n pọ̀.

Olótùú_Òru:

Kí káàdì tó kúrò níbẹ̀, ẹ̀dà méjì lórí ohun ìpamọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, ẹ má kàn ka iye fáìlì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa káàdì rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago fídíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ gé e lórí ìwé kí ẹ tó gé e lórí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ẹ padà gbọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yàn. Ọ̀rọ̀ tó dùn lójú ìwé lè jẹ́ èyí tí ohùn rẹ̀ kú.

Ohun tí mo sì ń bẹ gbogbo oníbèéèrè fún nìyí: ẹ máa kọ ohun tó ṣeé yà sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan péré, kí ojú yín má kúrò lójú rẹ̀. Bó bá ní "ọwọ́ la fi ń yẹ ọjà kọ̀ọ̀kan wò", ẹ kọ "ọwọ́" àti aago. Ibi tí mo bá gé gbólóhùn rẹ̀ méjì lẹ̀ mọ́ra, orí á fò lójú àwòrán. Àwòrán ọwọ́ yẹn, sẹ́kọ́ǹdì 8 sí 10 láìmi kámẹ́rà, láti ọ̀kánkán àti láti ẹ̀gbẹ́, ni mo fi ń bò ó. Kí ẹ yà á kí ẹ tó tú iná palẹ̀, nígbà tí ọwọ́ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.